Òròm̀bó, èédú, pákò tàbí peroxide: èwo ni kí a fi sọ eyín di funfun nílé?

"Funfun niyì eyín, ẹ̀gùn gàgàrà niyì ọrùn." Ta ni kò gbọ́ ọ rí nínú wa? Àbúrò mi obìnrin gbọ́ ọ, ó sì gbà á gbọ́ dé ọkàn. Nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì, ó rí fídíò kan lórí fóònù. Obìnrin inú rẹ̀ fún òròm̀bó wẹ́wẹ́ sórí bákìn sódà, ó pò ó pọ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín, eyín sì yọ funfun kinkin. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni àbúrò mi ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo gbé omi tútù fún un láti inú fíríìjì. Bí omi náà ti kan ẹnu rẹ̀ báyìí, ńṣe ló fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí o, gbogbo eyín iwájú ló ń kan mí." Mo ní kó ya ẹnu kí n wò ó. Eyín funfun lóòótọ́, àmọ́ dídán ara rẹ̀ ti lọ. Ó rí bí ẹfun tí wọ́n fi omi tọ́. Dókítà eyín tí a sáré lọ bá kò bá a wí. Ó kàn sọ fún un pé ohun tó ti yọ́ kúrò lára eyín náà kò ní hù mọ́.

Ìfiwéra tí mo kọ síbí yìí ni mi ò bá ti fi lé e lọ́wọ́ kó tó mú búrọ́ọ̀ṣì. Mo kọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe é nílé, yálà nítorí ìgbéyàwó, nítorí ìdánwò iṣẹ́, tàbí nítorí pé ẹ kàn fẹ́ rẹ́rìn-ín láìfi ọwọ́ bo ẹnu.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí àwọ̀ náà ti wá

Ẹ mú díńgí, ẹ dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà, ẹ wo eyín yín dáadáa. Àwọ̀ tó ń wà lára eyín kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo, ohun tó sì ń ṣí ọ̀kan kúrò lè má ṣe ohunkóhun fún èkejì.

Ti òde ni èyí tí obì, kọfí, tíì dúdú, tábà àti sìgá ń fi síbẹ̀. Ó máa ń pọ̀ ní ìdí eyín, ní àárín eyín méjì, àti ní ẹ̀yìn eyín ìsàlẹ̀ níbi tí ahọ́n ń kàn. Bí ahọ́n yín bá kan ibì kan níbẹ̀ tí kò jọ̀lọ̀, tó le bí òkúta, ẹ̀gbin tó ti gan mọ́ eyín nìyẹn, kò sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè yọ ọ́ mọ́. Omi ìyọ́nu tó ní chlorhexidine, oògùn tó ń pa kòkòrò ẹnu, náà máa ń sọ eyín di aláwọ̀ ilẹ̀ bí èèyàn bá ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí òun lẹ ń lò, ó ṣeé ṣe kí ohun tí ẹ ń wá ojútùú sí wà nínú ìgò tí ẹ fi ń yọ́ ẹnu lálaalẹ́.

Ti inú yàtọ̀. Èèpo kan ló bo eyín, enamel ni àwọn dókítà ń pè é. Kò sí ohun tó le tó o nínú ara èèyàn, egungun gan-an kò tó o. Lábẹ́ rẹ̀ ni ara eyín fúnra rẹ̀ wà, tí àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti ìyeyè. Èékánná ṣẹ́, ó hù. Awọ bó, ó jinná. Èèpo eyín kò ní ohun tó lè tún un hù bíi tiwọn, èyí tó bá ti jẹ ti lọ nìyẹn. Bí a ṣe ń dàgbà ló ń fẹ́lẹ́ sí i, ìyeyè abẹ́ rẹ̀ sì ń hàn síta. Ìdí nìyẹn tí eyín ẹni ọgọ́ta ọdún kì í fi í rí bíi ti ọmọ ọdún mẹ́wàá, bó ti wù kó máa fọ̀ ọ́ tó.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù rọ̀ mọ́. Ẹni tó ń fi ohun kíkan tàbí ohun tó ń ha nǹkan wá eyín funfun, èèpo yẹn ló ń ná. Eyín á mọ́ lójú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí pé ẹ̀gbin òde ti bá èèpo lọ. Bó bá wá pẹ́ lórí ẹ̀, ìyeyè inú á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ẹni náà á ní eyín òun tún ti pọ́n, á sì tún ha á sí i.

Àwọ̀ inú mìíràn wà tí kò ti ọwọ́ ọjọ́ orí wá. Tetracycline ni ọ̀kan, kápúsù tí ọ̀pọ̀ ìyá rà ní kẹ́mísìtì nígbà kan fún ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Bí ọmọ bá lò ó kó tó pé ọdún mẹ́jọ, tàbí tí ìyá rẹ̀ lò ó nínú oyún, ó lè wọ inú eyín tí ń hù lọ́wọ́, kí ó fi ìlà eérú tàbí ti ìyeyè síbẹ̀ títí ayé. Omi kànga tí fluoride (èròjà tí díẹ̀ rẹ̀ ń mú èèpo eyín le) inú rẹ̀ pọ̀ jù náà ń fi àmì funfun àti àwọ̀ ilẹ̀ sí eyín ọmọdé, bí wọ́n ti rí i ní Langtang ní Ìpínlẹ̀ Plateau. Òròm̀bó, èédú, iyọ̀, kò sí èyí tó lè dé ibi tí ìwọ̀nyí wà.

Bí ó bá jẹ́ eyín kan ṣoṣo ló dúdú láàárín àwọn tó kù, ẹ rántí bóyá ẹ ti ṣubú tàbí fi ẹnu gbá nǹkan rí. Eyín tó ti kú nínú máa ń dúdú bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ohunkóhun kùn ún nílé, ọ̀dọ̀ dókítà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà.

Òròm̀bó wẹ́wẹ́ àti fínígà

Ẹ lè dán èyí wò nínú ilé ìdáná yín. Ẹ fi èèpo ẹyin adìẹ sínú ife, kí ẹ fún òròm̀bó wẹ́wẹ́ lé e títí yóò fi bò ó. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i tí ìhó wẹ́wẹ́ ń jáde lára èèpo náà. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ fi ìka kàn án: èyí tó máa ń ró kẹ̀ẹ̀ tẹ́lẹ̀ á ti máa rọ̀ lọ́wọ́. Èèpo ẹyin àti èèpo eyín kì í ṣe ohun kan náà, ti eyín le jù ú lọ fíìfíì. Àmọ́ kálísíọ̀mù wà nínú méjèèjì, ohun kíkan sì ń yọ́ méjèèjì.

Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó, pH ni wọ́n ń pè é. Omi tí kò ní nǹkan nínú wà ní 7. Bí ó bá ti ń lọ sílẹ̀ ni kíkan ń pọ̀ sí i, ìlọ́po mẹ́wàá ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èèpo eyín máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ tí ẹnu bá ti dé nǹkan bíi 5.5. Omi òròm̀bó wẹ́wẹ́ wà láàárín 2 sí 3, fínígà náà kò jìnnà sí i. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: láti 5.5 dé 2.5, ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni, ìyẹn ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. A wá mú un, a fi búrọ́ọ̀ṣì rin ín mọ́ eyín fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ní àárọ̀, ní alẹ́!

Àwọn kan á ní bákìn sódà tí àwọn pò mọ́ ọn ló ń pa kíkan rẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀: àwọn méjèèjì ń pa ara wọn. Ìhó tó ń ru sókè nínú fídíò yẹn, afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbi tí wọ́n ti ń pa ara wọn ni, kì í ṣe ẹ̀gbin tó ń bọ́ lára eyín. Bí òròm̀bó bá pọ̀ jù, kíkan ló ṣẹ́ kù sí ẹnu yín. Bí bákìn sódà bá pọ̀ jù, ẹ ò bá kúkú ti lo òun nìkan. Kò sì sí ẹni tó ń wọn èyí tó pọ̀ àti èyí tó kéré lẹ́yìnkùlé láàárọ̀.

Tèmi ni pé kí ẹ má ṣe é rárá, kódà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Èèpo ọsàn tí wọ́n ń fi ra eyín àti èso kíkan mìíràn wà nínú ìdájọ́ yìí pẹ̀lú. Tí ẹ bá jẹ ọsàn tàbí mu mínírà, ẹ fi omi yọ́ ẹnu, kí ẹ sì dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó fọ eyín, torí èèpo eyín á ti rọ̀ díẹ̀ nígbà náà, búrọ́ọ̀ṣì á sì rí ibi gbé e lọ.

Èédú tàbí bákìn sódà?

Àwọn méjèèjì ń fi híha ṣiṣẹ́, ẹ̀gbin òde ni wọ́n sì lè mú kúrò. Ìyàtọ̀ wọn wà nínú bí wọ́n ṣe ń ha tó. Bákìn sódà rọ̀, ó máa ń tètè yọ́ nínú omi ẹnu, kò sì kan rárá: pH rẹ̀ ju 8 lọ díẹ̀. Nínú òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń mọ bí ohun ìfọyín ṣe ń ha ara eyín tó, tí òkè rẹ̀ tí a lè gbà láyè jẹ́ 250, nǹkan bíi 7 ni bákìn sódà wà. Nínú gbogbo ohun ìdáná tí àwọn èèyàn ń fi eyín dán wò, òun nìkan ni ọkàn mi balẹ̀ sí.

Èédú kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí a lọ̀ láti inú àpò èédú ìdáná kò ní ìwọ̀n, hóró rẹ̀ mìíràn le bí iyanrìn. Èyí tó wà nínú agolo tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kúnná jù ú lọ, àmọ́ híha náà ló ń ṣe. Ní ọdún 2017, àyẹ̀wò kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn tó kọ ọ́ kó ìwádìí tó wà nílẹ̀ lórí èédú ìfọyín jọ, wọ́n sì ní ẹ̀rí kò tó láti sọ pé ó ń sọ eyín di funfun tàbí pé kò léwu. Èédú tún máa ń há sí ìdí eyín àti sí etí ibi tí dókítà ti dí eyín, á wá fa ìlà dúdú tí kì í ṣeé fọ̀ kúrò. Ẹni tó ń wá funfun, ẹ wo ohun tó rí.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: bàbá wa àgbà fi èédú àti iyọ̀ fọ eyín, eyín wọn sì dúró. N kò jiyàn. Àmọ́ ẹ wo ìdí eyín àwọn àgbà tó fi ohun líle rin eyín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ibi tó jẹ wọnú bí ìgbà tí ayùn bá bẹ̀rẹ̀ igi, níbi tí èèpo ti tán tí ara eyín inú sì ti hàn. Iyọ̀ tí a fi ra eyín ní gbígbẹ wà lára ohun tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ tí a yọ́ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kò ní láburú, ó dára fún ẹran ìdí eyín tó wú, kò kàn ń sọ eyín di funfun ni.

Bí ẹ bá yan bákìn sódà, ìdajì ṣíbí tíì tí a fi omi rin díẹ̀ ti tó, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀. Kò ní fluoride nínú, nítorí náà kò lè gba ipò ọṣẹ ìfọyín. Ẹ jọ̀ọ́, kán-ún kọ́ là ń sọ o. Àwọn kan ń pe méjèèjì ní ọ̀kan náà nítorí pé wọ́n jọ ń mú ẹ̀wà tètè jinná, àmọ́ kán-ún le, kò ní ìwọ̀n, kì í ṣe ohun tí à ń fi sẹ́nu fọ eyín.

Pákò tàbí ọṣẹ ìfọyín tó ní òun ń sọ eyín di funfun?

Orín ata, orín ìdí, pákò Ìjẹ̀bú, igi orógbó: àwọn wọ̀nyí ti ń fọ eyín wa kí ẹnikẹ́ni tó ta Macleans fún wa. Mo fẹ́ràn wọn. Wọ́n ń yọ àwọ̀ òde, omi tó ń jáde lára ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bá kòkòrò ẹnu jà, owó wọn kò sì wọ́n. Ẹni tó bá ń rún orín ata mọ bí ahọ́n ṣe ń ta, tí ẹnu sì ń kú díẹ̀, kí ó tó mọ́ tónítóní.

Bí a ṣe ń lò ó ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ rún orí rẹ̀ títí yóò fi di búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, kí ẹ sì máa fà á láti ìdí eyín wá sí etí rẹ̀. Fífà á lọ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń rẹ́ igi ló ń lé ẹran ìdí eyín sẹ́yìn. Pákò kì í sì í sábà dé ẹ̀yìn eyín, ọ̀pọ̀ wa níwájú la máa ń dúró sí níbi tí èèyàn ń rí. Mo mọ àwọn tí eyín iwájú wọn ń dán gbinrin tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì dúdú.

Ọṣẹ tí wọ́n kọ "whitening" sí lára náà, àwọ̀ òde ló ń mú kúrò. Ó ha ju ọṣẹ lásán lọ díẹ̀, kò sì burú bí ó bá ní fluoride, bí ẹ kò bá sì gbé gbogbo agbára yín lé búrọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí eyín rẹ̀ ti ń kan tẹ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yàn án. Ti aláwọ̀ àlùkò tó gbòde ní àìpẹ́ yìí, aró lásán ni: àwọ̀ àlùkò máa ń bo ìyeyè mọ́lẹ̀ lójú ẹni tó ń wò, fún wákàtí díẹ̀, á sì bá omi lọ. Kò pa eyín lára. Fún fọ́tò ọjọ́ kan, ẹ lè lò ó.

Bí ẹ bá ní kí n yan ọ̀kan nínú méjèèjì, méjèèjì ni n ó yàn: pákò láàárọ̀, ọṣẹ tó ní fluoride lálẹ́ kí ẹ tó sùn.

Òróró àgbọn àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀

Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Òróró àgbọn tí wọ́n ń gbọ̀n lẹ́nu fún ogún ìṣẹ́jú kò ní ẹ̀rí pé ó ń sọ eyín di funfun, kò sì ń ba eyín jẹ́. Kí ẹ má kàn gbé e mì, kí ẹ má sì fún ọmọdé, torí òróró tó bá gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró lè di àìsàn.

Peroxide: èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni ìṣọ́ra rẹ̀ pọ̀ jù

Nínú gbogbo ohun tí mo ti dárúkọ, hydrogen peroxide, oògùn olómi tó ń bó àwọ̀ nǹkan, nìkan ló ń wọ inú eyín lọ láti yí àwọ̀ ibẹ̀ padà. Àwọn tó kù, òde ni wọ́n ń fọ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a kàn ní "ó dára" tàbí "kò dára". Ìwọ̀n rẹ̀ àti ọ̀nà tí ó gbà dé eyín ni kí a wò.

Mo dúró ní kẹ́mísìtì kan, mo mú ìgò méjì lọ́wọ́. Àwọ̀ wọn bára mu, títóbi wọn bára mu, òǹtẹ̀ ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara. Wọ́n kọ 10 vol sí ọ̀kan lára, 20 vol sí èkejì. Mo bi ẹni tó ń tà á pé kí ni ìyàtọ̀ wọn, ó ní "ọ̀kan náà ni wọ́n, màdáámù." Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà o! Iye afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó lè jáde nínú rẹ̀ ni vol ń sọ: 10 vol jẹ́ 3%, 20 vol jẹ́ 6%, 40 vol tí àwọn onírun fi ń pa irun láwọ̀ sì jẹ́ 12%. Ẹni tó bá gbé ti onírun sẹ́nu, ẹran ìdí eyín á funfun bí ìgbà tí omi gbígbóná bá bó o, á sì máa ta á bí ata. Kódà 3% tí a fi ń fọ egbò, omi ni, kì í dúró lójú kan. Ó ń ṣàn lọ sí ìdí eyín àti ọ̀fun. N kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti máa fi ìgò wọ̀nyí wá eyín funfun.

Strip sàn jù ú lọ. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ni, peroxide ti gan mọ́ ọn lára bíi jẹ́ẹ̀lì, a ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára páálí. Ó ń ṣiṣẹ́, a máa rí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Eyín lè máa kan èèyàn fún ọjọ́ díẹ̀, ẹran ìdí eyín lè máa ta. Bí a bá dáwọ́ dúró, ó sábà máa ń lọ. Ìyàtọ̀ èyí sí ti òròm̀bó ni pé kì í ṣe èèpo eyín ló ń yọ́ kó tó funfun. Ẹni tó bá wá ní kí òun lẹ̀ ẹ́ mọ́jú kó lè yá, ó ti bọ́ sẹ́yìn odi nìyẹn.

Jẹ́ẹ̀lì carbamide peroxide tí a ń fi sínú rọ́bà tó bá eyín ẹni mu ni mo fọkàn tán jù nínú èyí tí à ń lò nílé. Ọdún 1989 ni àwọn dókítà eyín ní Amẹ́ríkà ti kọ nípa rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì ti ń lò ó láti ìgbà náà. Dókítà ló ń wọn ẹnu ẹni kó tó ṣe rọ́bà náà, kí jẹ́ẹ̀lì má bàa ṣàn jáde sórí ẹran ìdí eyín. Ti inú páálí tí a ń fi omi gbígbóná rọ̀ kì í sábà mú eyín dáadáa. Ẹ ka òǹkà ara rẹ̀ dáadáa o: ìdá kan nínú mẹ́ta carbamide ló ń di hydrogen peroxide. 10% tí ẹ rí níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi 3.5% lọ, 35% sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12%. Ti 10% kì í yára, ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà, àmọ́ ó ń dé ibi tó ń lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tàbí tí ẹ̀gbọ́n yín ń fi páálí ránṣẹ́ láti ibẹ̀, ẹ mọ̀ pé láti ọdún 2012, òfin ibẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n ta èyí tó bá ju 0.1% hydrogen peroxide lọ fún aráàlú. Èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ títí dé 6%, ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ eyín ló ń gbà, kò sì sí fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Bí onírun tàbí onímékọ́ọ̀pù bá ní òun ń sọ eyín di funfun ní ṣọ́ọ̀bù òun ní Bìrìtìkó, ó ń rú òfin ni. Ní Amẹ́ríkà, strip wà lórí káńtà tí ẹnikẹ́ni lè mú. Nítorí náà, páálí tó ti Amẹ́ríkà wá àti èyí tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá lè jọ ara lóde kí agbára wọn má bára dọ́gba.

Iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń kó mọ́ páálí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan, peroxide ló ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ka sodium perborate lára páálí, ẹ dá a padà: ilẹ̀ Yúróòpù ti lé e kúrò nínú ohun ìṣaralóge nítorí ewu tó lè ṣe fún ọmọ bíbí. Oòrùn àti ooru tún máa ń pa agbára peroxide, nítorí náà èyí tí wọ́n ń gbé kiri nínú gosiló láàárín ọ̀sán gangan lè ti di omi lásán. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ kí ẹ tó sanwó.

Aboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú kí ó sún un síwájú. Ẹni tí eyín rẹ̀ ti luhò kí ó lọ dí i ná, torí bí peroxide bá gba ihò náà wọlé, onítọ̀hún kò ní sùn. Eyín àtọwọ́dá àti ibi tí wọ́n ti dí kì í yí àwọ̀ padà: eyín tó kù á funfun, òun á dá yàtọ̀ láàárín wọn.

Bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé àwọn kan ń fi omi là á, wọ́n ń fi yọ́ ẹnu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ó ń jó ẹnu, ó ń jó ọ̀fun, bí ó bá sì wọ inú, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Ẹni tó ń fi fáìlì èékánná ha eyín náà, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣé ilé ni ó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá eyín funfun, ẹ̀gbin tó ti gan ló wà lára eyín wọn, bí wọ́n bá sì ti yọ ọ́, wọn kò wá nǹkan mìíràn mọ́. Ẹ̀ka eyín wà ní UCH ní Ìbàdàn, ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, ní OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, àti ní ọ̀pọ̀ ọsibítù ìjọba ìpínlẹ̀. Ìjókòó kan ni wọ́n sábà fi ń fọ̀ ọ́. Ìbẹ̀rù tó wà nílẹ̀ ni pé fífọ eyín lọ́sibítù máa ń jẹ́ kí eyín mì. Ẹ̀gbin náà ló ti jẹ ẹran ìdí eyín lọ láti ọjọ́ yìí, tó wá dúró síbẹ̀ bí ẹni ń fi amọ̀ dí ògiri tó ti sán. Bí wọ́n bá yọ amọ̀, ìsán á hàn. Ẹ wò ó kí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan ẹnu yín jẹ́ ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MDCN, àjọ tó ń rí sí àwọn dókítà ní Nàìjíríà.

Bí ẹ bá bi mí pé èwo ni

Ẹni tó ń jẹ obì tàbí tó ń mu kọfí, tí eyín kò kan, tí kò sì ní owó púpọ̀ lọ́wọ́: pákò, ọṣẹ tó ní fluoride, bákìn sódà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń mu sìgá: ọsibítù ni kó ti bẹ̀rẹ̀, bí kò bá sì fi sìgá sílẹ̀, oṣù díẹ̀ ni àwọ̀ náà á fi padà. Ìyàwó tí ọjọ́ rẹ̀ ku oṣù méjì: kí wọ́n kọ́kọ́ fọ eyín rẹ̀ lọ́sibítù, kó wá fi jẹ́ẹ̀lì carbamide 10% tẹ̀ lé e, kó sì parí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ṣáájú kí eyín lè fara balẹ̀. Ìyàwó tí ọjọ́ rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan: fífọ̀ lọ́sibítù nìkan, àti ọṣẹ aláwọ̀ àlùkò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tí tetracycline wà lára eyín rẹ̀: kó má ná owó sórí ohunkóhun nílé kí dókítà tó wò ó, torí jẹ́ẹ̀lì lè gba oṣù púpọ̀ lára irú eyín bẹ́ẹ̀, ìlà eérú mìíràn kì í sì í lọ tán. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18: búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ti tó.

Ẹni tí eyín rẹ̀ ti ń kan báyìí, kí ó dá gbogbo rẹ̀ dúró lónìí. Kó ra ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún eyín tó ń kan, kó máa tutọ́ rẹ̀ dà láìfi omi yọ́ ẹnu tán kí ó lè dúró lára eyín, kó sì lọ rí dókítà bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò sàn.

Ohun tí àbúrò mi ń ṣe nìyẹn. Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, èmi ni mo ń gbé mínírà rẹ̀ kiri nínú báàgì mi, kó má bàa bá ti inú yìnyín pàdé. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ báyìí, gèlè ló fi ń bo ẹnu kó tó jáde síta.